Ohun Tí Cyriaque So Mọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Sherbrooke, Kánádà
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 2025

Ìyá mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ kú àwẹ̀, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìmúra àna. Huguette àbúrò mi ńkọ́? Bàbá Kékeré ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn wọ́n ńkọ́?

Mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti parí ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò fẹ́ ohùn mi nínú fóònù mọ́. Lẹ́tà ni kí n máa kọ ránṣẹ́ sórí fóònù Huguette, kí òun náà máa ya tiyín ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ní ohùn a máa fò lọ, ṣùgbọ́n ìwé a máa jẹ́rìí. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nígbà tí mo kan ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yẹn, ṣùgbọ́n mo gbà.

Àwọn ará ibí ní ìgbà ìrúwé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà tí àwọn igi tó ti dà bí òkú láti oṣù kọkànlá máa ń jí, tí ewé tuntun á yọ. Wọ́n ti kọ ọjọ́ rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà. Mo yọjú lójú fèrèsé láàárọ̀ yìí, mo sì rí i pé kò tíì sí ẹni tó sọ fún yìnyín. Ó ga dé orúnkún Bàbá Kékeré, èyí tó ń dùn wọ́n.

Síbẹ̀ inú gbogbo wọn ń dùn. Wọ́n ń fọ fèrèsé, wọ́n ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ mi ti gbé òdòdó rọ́bà síta, kí òdòdó gidi lè mọ̀ pé òun ti pẹ́.

Èyí ló mú mi rántí ilé wa. Ẹ ní ìdílé Latifou ń bọ̀ láti Okpomèta ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde láti wá tọrọ Huguette. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má fi ilẹ̀pa rẹ́ ògiri lọ́dún yìí. Olùkọ́ ìṣirò ni Latifou, ní Kétou níbẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ ká kun ilé náà ní ọ̀dà òyìnbó, kí wọ́n mọ̀ pé ilé tí ẹnìkan ti rìnrìn-àjò ni wọ́n wọ̀.

N kò ní lè wá fúnra mi. Ilé-iṣẹ́ wàrà tí mo wà kì í fún ènìyàn láyè nírú àkókò yìí. Ọdún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ọmọ yín,
Cyriaque

*

Odomèta
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta

Cyriaque Àkàngbé,

Mo kí ọ. Ara mi le, ara Huguette le. Orúnkún bàbá kékeré rẹ ní kí n kí ọ, ó ní òun kò mọ̀ pé òun ti di òṣùwọ̀n yìnyín.

Mo ka lẹ́tà rẹ fúnra mi, ẹnikẹ́ni kò ràn mí lọ́wọ́. Mo kà á fún Reine aládùúgbò wa pẹ̀lú. Kò bi mí, ṣùgbọ́n mo kà á.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà òyìnbó: Reine kun ilé tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àwọ̀ ewé tútù. Òjò rọ̀ sí i díẹ̀, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ awọ bí ejò. Ilẹ̀pa ni ìyá bàbá rẹ fi rẹ́ ògiri tiwa, omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irú sè ni wọ́n fi pò ó, mi ò sì tíì rí òjò tó bá a jà tó borí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ó rẹ́ ẹ, kí ó tó di Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Huguette yóò fi ẹfun fa ìlà sókè rẹ̀, yóò fi ẹ̀dú kun ìsàlẹ̀ kí ìdọ̀tí adìyẹ má bàa hàn. Bí ìgbà ìrúwé tiwa ṣe ń rí nìyẹn. Latifou mọ ìṣirò, kò mọ ògiri.

Ti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, Mùsùlùmí ni ìdílé Latifou, ṣùgbọ́n a ti jọ yanjú rẹ̀. Wọ́n á ki ìrun tiwọn, a ó gba àdúrà tiwa, Ọlọ́run kì í ṣe adití, yóò mọ ohùn kálukú.

Ohun tó wá kù ni ìwọ. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí o ti ń sọ fún mi pé ọdún tó ń bọ̀. Mo bi katikíìsì Clément pé ọdún wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí nínú kàlẹ́ńdà ìjọ. Ìwọ nìkan ni ọmọkùnrin tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ lọ sọ́run. Bí àna bá dé, wọ́n á béèrè pé ẹ̀gbọ́n ọmọ dà. Kí ni kí n nà sí wọn, fóònù?

Bí o kò bá ní wá, fi nǹkan kan ránṣẹ́ tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe, kí n gbé e síbi tí wọ́n á ti rí i. Mi ò fẹ́ ohun rírà. Ohun rírà wà lọ́jà Kétou.

Ìyá rẹ tó bí ọ,
Sidonie

*

Sherbrooke
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ìgbà ìrúwé ti wọlé níjẹta. Yìnyín bọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ kí ó lè pàdé rẹ̀.

Mo ti ṣe ohun tí ẹ wí. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń lọ ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́ fún Àjíǹde. Mo jókòó láàárín àwọn ìyá àgbà, èmi nìkan ni ọkùnrin, èmi nìkan ni dúdú, èmi nìkan ni kò ní ìgò ojú. Mo ká ẹ̀ka igi tútù tẹ́ẹ́rẹ́ di òbìrí bí òṣùká. Mo so ẹyin mọ́ ọn yíká, rọ́bà ni ẹyin náà, ẹ má bẹ̀rù pé yóò fọ́. Mo fi ìyẹ́ funfun sáàárín wọn, mo sì fi ọ̀já pupa dì í ní ìdì tó dúró. Ehoro kékeré kan tí wọ́n fi koríko hun jókòó sísàlẹ̀.

Mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí. Ẹyin ni ìyè tuntun. Bí òròmọdìẹ ṣe ń fọ́ ẹyin jáde ni Jésù ṣe jáde nínú ibojì. Ti ehoro, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú. Ìyá kan ní ehoro ló ń gbé ẹyin náà wá. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa ní Odomèta, adìyẹ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò jinlẹ̀.

Rodolphe, ọmọ Adakplamè tó ń gbé nítòsí mi, ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí, òun ni yóò mú un wá fún yín. Ẹ so ó mọ́ ilẹ̀kùn iwájú, kí ó kọjú sí títì. Ìgbàkígbà tí ẹ bá rí i, kí ẹ mọ̀ pé èmi ni mo dúró síbẹ̀.

Ọmọ yín tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀gún,
Cyriaque

*

Odomèta
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin

Àkàngbé ọmọ mi,

Rodolphe ti jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an. Mo so ó mọ́ ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó rẹwà. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ kò rẹwà.

Reine wá bu iyọ̀. Ó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó gbójú sókè, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé iyọ̀ kò dára fún ara òun. Láti kékeré ni mo ti mọ Reine, kò sí ọjọ́ tí iyọ̀ ò dára fún un.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin ìjọ wá fún àdúrà rósárì, bí a ti ń ṣe. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n dúró sí. Wọ́n ní atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀. Cyriaque, ewé kan kò mì lórí igi máńgòrò náà. Ibẹ̀ ni èmi olórí wọn ti lọ bá wọn kúnlẹ̀ sórí gbòǹgbò.

Nígbà tó yá, katikíìsì Clément wá. Òun náà dúró lókèèrè.

Ó ní, "Ìyá Cyriaque, ta ni ẹ ń bá jà?"

Mo ní, "Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà."

Ó ní, "Ẹyin, ìyẹ́ funfun, ọ̀já pupa, lẹ́nu ọ̀nà, nínú àwẹ̀ Olúwa. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn àna ń bọ̀, ẹ ti gbé ẹbọ sílẹ̀ dè wọ́n."

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ ti òròmọdìẹ, mo sọ ti ibojì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó wá ní, "Ehoro ńkọ́?" Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bà jẹ́ nìyẹn.

Mo ránṣẹ́ pe bàbá kékeré rẹ, nítorí ìwọ náà mọ̀ pé òun kò fi ilé òrìṣà sílẹ̀, kò sí ẹbọ tí kò tíì rí láyé. Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ wá. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó fi ìka kan ẹyin náà. Ó ní, "Ẹbọ wo nìyí? Kò sí epo. Ẹyin rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó bá rú irú èyí, kí ó padà lọ gba owó rẹ̀." Ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Gbogbo àdúgbò gbọ́, wọ́n ní ó ń bo àṣírí ilé rẹ̀ ni.

Gbogbo èyí ò dùn mí tó ti Latifou. Ó wá kí Huguette lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dá alùpùpù rẹ̀ dúró lójú títì, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó yí orí alùpùpù padà. Kò pe Huguette láti ọjọ́ náà. Huguette ti fi ẹfun fa ìlà kan náà sára ògiri lẹ́ẹ̀mẹta.

O lè ní kí n já a sílẹ̀. Mo ti rò ó. Bí mo bá já a, wọ́n á ní mo ti gbé ẹbọ mi kúrò, ó ti ṣẹ. Bí mo bá fi í sílẹ̀, wọ́n á ní ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. O sì ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìwọ lo dúró síbẹ̀. Ta ni yóò ní kí n já ọmọ mi sílẹ̀ lójú àna?

Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Wò ó dáadáa.

Ìyá rẹ

*

Sherbrooke
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì tíì dìde.

Mo wo fọ́tò náà. Níbí, lórí tábìlì àwọn ìyá àgbà, òdòdó ni mo ń wò. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i lára ilẹ̀pa ilé wa, pẹ̀lú adìyẹ tó ń kọjá níwájú rẹ̀, ara mi bù máṣọ. Èmi gan-an, bí mo bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà oko, n ó yà gba inú igbó kọjá. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò nínú òtútù, mo ti di ẹni tó ń fi ẹyin àti ìyẹ́ ránṣẹ́ sílé ìyá rẹ̀, tó tún ní kí ó kọjú sí títì.

Ẹ já a sílẹ̀, Ìyá. Ẹ má wo tèmi. Bí àwọn ará Okpomèta bá rí i, tí wọ́n sì yí padà, n ò mọ ojú tí n ó fi wo Huguette. Ẹ jù ú sí ààtàn, kí ẹ sọ fún wọn pé orí mi ni kò pé. Wọ́n á gbà, wọ́n mọ̀ pé mo kúrò ní Kétou wá síbi tí yìnyín wà.

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Cyriaque

*

Sherbrooke
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin, Ọjọ́ Ẹtì Rere

Ìyá mi,

Ẹ ò dá mi lóhùn. Mo pe Huguette, fóònù ò wọlé. Mo pe Rodolphe, ó ti lọ sí Kútọnù. Mo pe Latifou, ó gbé e, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo wà ní kíláàsì." Alẹ́ ti lẹ́ nílé nígbà náà, Ìyá.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti fẹnu ko àgbélébùú. Wọ́n ti so òbìrí mìíràn mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó tóbi ju tiyín lọ, ẹyin rẹ̀ pọ̀. Gbogbo ènìyàn ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi gba ẹ̀gbẹ́.

Ọjọ́ Ajé ti sún mọ́lé. Ṣé ẹ ti já a?

Cyriaque

*

Odomèta
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin

Cyriaque Àkàngbé, ọmọ mi,

Jésù jí dìde. O kú ọdún. Dìde nílẹ̀ náà.

Òjò àkọ́rọ̀ ló fa ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí o kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú méjèèjì tí mi ò tètè rí gbà, pẹ̀lú ìjì, ó wó òpó fóònù tó wà lórí òkè. Àná ni wọ́n tún un ṣe. Nítorí náà, ìgbà tí mo ka pé kí n já a sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti parí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò náà. Ògiri mi kò yẹ̀ kúrò níbi kankan. Ilé Reine ti kù ní ihòhò.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, a gbálẹ̀, a tẹ́ ẹní, Huguette wọ aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, wọn ò ní wá." Mo ní kí ó lọ wo ọbẹ̀. Reine ti gbé àpótí rẹ̀ síta, ó jókòó kọjú sí ilé wa bí ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù.

Wọ́n wá. Alùpùpù ló tẹ̀lé alùpùpù. Séidou, bàbá Latifou, ló ṣíwájú nínú agbádá funfun, Latifou wà lẹ́yìn, ó ń wo bàtà rẹ̀. Bàbá náà dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó gbójú sókè, ó dúró. Gbogbo wọn dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tí Reine fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ iwájú.

Ó ní, "Ìyá ìyàwó, ta ló so èyí?"

Mo ti pinnu pé mi ò ní purọ́ nínú ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ọmọ ni, bàbá. Kánádà ló wà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é."

"Ó mọ̀ pé a ń bọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Ó sì ti so ó kí a tó dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀já pupa náà, ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá wò ó. Ẹ ní àwọn tó lọ òkè òkun ti gbàgbé ilé. Bí igi ọsàn mi bá so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ni mo ń ṣe? Mo ń so àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, kí ẹni tó ń kọjá mọ̀ pé ó ní olówó, kí ó béèrè kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ààlè lèyí. Ọmọkùnrin náà jókòó sínú òtútù, ó gbọ́ pé àwọn kan ń bọ̀ wá wo àbúrò òun, ó so ààlè mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí àbúrò mi obìnrin bá wà nílé, ohun tí n bá ṣe nìyẹn."

Ó wá wo ọmọ rẹ̀. "Ìwọ sì sáré wá bá mi pé ẹbọ ni. O kọ́ ìṣirò. O ò kọ́ ààlè."

Latifou ní, "Bàbá, mo rí ẹyin."

Bàbá kékeré rẹ ti inú ilé dá a lóhùn pé, "Ẹyin rọ́bà. Mo ti sọ fún gbogbo yín."

Ẹ̀rín sọ. Huguette gbọ́ ọ nínú ilé ìdáná, ó jẹ́ kí ọbẹ̀ jó, mi ò bá a wí.

Ṣùgbọ́n wọn ò gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé. Séidou ní a kì í gba abẹ́ ààlè kọjá tí olówó ò tíì tú u. Ó ní ẹ̀yìnkùlé ni àwọn máa gbà. Cyriaque, ẹ̀yìnkùlé ni mi ò rẹ́. Gbogbo àwọn èèyàn pàtàkì náà to ara wọn kọjá lára àdògán àti ilé adìyẹ. Orí mi wú, ojú sì tì mí, méjèèjì pa pọ̀. Kí ó tó yípo, bàbá náà fi ọwọ́ pa ògiri iwájú, ó ní, "Omi èèpo igi irú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí. Nítorí náà, má tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́.

Wọ́n tọrọ, a gbà. Obì wọn dára. Katikíìsì Clément gbàdúrà, àwọn náà ṣe tiwọn, ohùn wọn ròkè ju tirẹ̀ lọ, inú rẹ̀ ò dùn sí i.

Ó wá kan ọjọ́ ìgbéyàwó. Séidou ní, "Ẹni tó so ààlè ló ń tú u. Títí ẹ̀gbọ́n ọmọ yóò fi wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u, a ò ní mú ọmọ yìí jáde nílé yìí." Gbogbo wọn ní àṣẹ. Èmi náà ní àṣẹ. Mo sọ tèmi sókè díẹ̀.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ààlè ni o ṣe. Ìwọ náà mọ̀. Jésù tó jí dìde mọ̀. Àwa mẹ́ta tó.

Àwọn obìnrin ìjọ ti padà sínú yàrá mi fún rósárì. Reine ti wá bu iyọ̀. Ó ní kí o ṣe ọ̀kan fún ilẹ̀kùn òun nítorí Sandra ọmọ rẹ̀, kí o fi ehoro méjì sí i. Huguette ní kí n sọ fún ọ pé òun ò ní darúgbó sílé nítorí ọ̀já pupa. Latifou ń wá kí i lójoojúmọ́ báyìí, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà.

Má kọ ọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ sí mi.

Ìyá rẹ

*

Sherbrooke
Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ti dìde. Ẹ kú oríire. Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì, mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó jókòó tì mí fi ṣí lọ síwájú.

Mo lọ bá ọ̀gá mi pé mo fẹ́ lọ sílé. Ó bi mí ìdí rẹ̀. Mo ní mo so nǹkan kan mọ́ ilẹ̀kùn ìyá mi, àbúrò mi ò sì lè lọ sílé ọkọ àfi tí mo bá lọ tú u. Ó wò mí títí. Ó ní ṣé kò sí ẹlòmíràn tó lè tú u. Mo ní rárá. Ó bu ọwọ́ lu ìwé ìsinmi mi. Mo rò pé ohun tó mú kí ó bu ọwọ́ lù ú ni pé kò fẹ́ gbọ́ ìyókù.

Igi iwájú fèrèsé mi ti rúwé. Lójijì ni. Ní alẹ́, ọ̀pá gbígbẹ ni. Ní òwúrọ̀, ó ti wọṣọ. Ìyá àgbà ìsàlẹ̀ ti gbé òdòdó rọ́bà rẹ̀ wọlé. Ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe gba ohun tí mo so mọ́ ilẹ̀kùn nílé. Mo ní wọ́n gbà á ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án kí n tó dé. Ẹ bá mi bẹ Huguette. Ẹ kí orúnkún Bàbá Kékeré, ẹ ní kí ó máa gba agbára sílẹ̀ de ijó. Ẹ rẹ́ ẹ̀yìnkùlé.

Kí ẹ sì bá mi sọ fún katikíìsì Clément pé mo ti rí ọdún tó ń bọ̀ nínú kàlẹ́ńdà. Oṣù kejìlá ọdún yìí ló bọ́ sí.

Ọmọ yín, olówó ààlè,
Cyriaque